Ọjọ́ Tí Wọ́n Pín Ọkọ ní Ilé Iṣẹ́ Bisikíìtì

Inú ọ̀rá bisikíìtì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ọ̀gbà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì kan tó ń jẹ́ Rúnrún. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan án, òórùn ṣúgà àti bọ́tà á gba afẹ́fẹ́ kan títí dé Ìfàkọ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì á máa gbé itọ́ mì, olùkọ́ pàápàá á máa yọjú wo aago.

Lọ́dún yìí ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun ìṣeré kan sínú ọ̀rá. Ike pẹlẹbẹ méjì ni, róbótó róbótó, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n fi ìṣó kékeré kan so pọ̀ láàárín. Lẹ́tà A títí dé Z wà létí èyí tó tóbi, nọ́ńbà sì wà létí èyí tó kéré. Bí èèyàn bá yí èyí tó kéré, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á bọ́ sábẹ́ lẹ́tà mìíràn. Àwọn ọmọdé kò wá orúkọ rẹ̀ lọ títí. Wọ́n ń pè é ní "yíyí".

Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tinúọlá a máa ṣe ètò àwọn ọmọdé lórí rédíò. Bí ètò bá ti fẹ́ parí, á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó sá pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, á sọ nọ́ńbà tí àwọn ọmọ Rúnrún yóò gbé sábẹ́ A, á wá máa ka nọ́ńbà lọ rẹrẹẹrẹ. Létí ẹni tí kò ní yíyí, ariwo lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní in á yí i, á máa kọ lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ àṣírí á sì jáde.

Kò sóhun tó dùn mọ́ Kaothar tó èyí láyé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ìfàkọ̀ ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, àti Oyèníkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Praise ń gbé lókè ilé kan náà pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ tó wá láti Èkìtì. Ní gbogbo Sátidé, àwọn méjèèjì á jókòó sórí àtẹ̀gùn, rédíò Ìyá Àgbà á wà láàárín wọn, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ni FO OWO RE KI O TO JEUN. Kaothar àti Praise kà á dáadáa, wọ́n sì lọ fọ ọwọ́. Kóredé, àbúrò Praise, kà á ní tirẹ̀. Ó kó owó ọrẹ tí ìyá wọn ti tọ́jú de ọjọ́ ìsinmi, ó fi ọṣẹ fọ ọ́, ó sì fi pégì há a sórí okùn aṣọ. Ẹjọ́ yíyí ni, kì í ṣe ẹjọ́ Kóredé. Lẹ́tà òyìnbó nìkan ló wà lára rẹ̀, kò sí Ẹ, kò sí Ọ, kò sí àmì ohùn kankan. Ọwọ́ àti owó, bákan náà ni wọ́n rí. Ìyá Praise fi áyọ́ọ̀nù lọ owó náà, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba ọrẹ ní òun kò tíì rí owó tó ń ta sánsán tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí, ọ̀rọ̀ sì tán. Ó kù díẹ̀ kí ilé-ìwé wọlé ni Tinúọlá rẹ ohùn sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ òní tóbi, pé ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀, pé òun fúnra òun yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú rédíò láti bá àwọn tó bá wá sọ̀rọ̀. Kaothar ń yí i. Praise ń kọ lẹ́tà sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Nígbà tí wọ́n parí, ohun tó wà lórí pépà ni:

E WA GBA OKO NI OGBA WA LONII.

Kaothar kà á sókè pé, "Ẹ wá gba ọkọ ní ọgbà wa lónìí."

Praise ní kò lè jẹ́ ọkọ. Ó ní ibo ni wọ́n ti ń pín ọkọ rí. Kaothar ní òun kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pín in, ṣùgbọ́n gbogbo ìyàwó ilé tí òun mọ̀ ló rí ọ̀kan gbà níbì kan. Praise ní ọkọ̀ ni, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pé ilé iṣẹ́ ló ń fi ọkọ̀ ta ọrẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ohùn wọn sì ń lọ sókè.

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí etí náà kì í jẹ́ kó kọjá. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó ní kí Kaothar tún un kà. Kaothar tún un kà. Ìyá Àgbà béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní rédíò ni. Ó tán. Lójú Ìyá Àgbà, ohun tí rédíò bá ti wí kò ní àríyànjiyàn nínú, bí ìgbà tí lèmọ́mù bá sọ pé òṣùpá ti yọ.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọkọ ṣe rí nínú ilé yẹn. Oyèníkẹ́ ti lé lọ́gbọ̀n dáadáa. Kọ́tìnì ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn Allen Avenue, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àdúgbò náà sì ni oníbàárà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tíì lọ́kọ, kò sì jọ pé ìyẹn ń dí i lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń dí lọ́wọ́. Bí Oyèníkẹ́ bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, Ìyá Àgbà á ṣàdúà, á béèrè ọkọ, lẹ́yìn náà ni yóò tó béèrè bóyá ó sùn dáadáa. Bí òjò bá rọ̀, á ní irú òjò báyìí ni èèyàn ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò. Bí ẹ̀fọn bá jẹ Oyèníkẹ́, ọ̀rọ̀ náà á rìn títí, á já sí ọkọ.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni bàbá bàbá Praise ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Rótìmí ni wọ́n ń pè é. Tíṣà ni ní Èkìtì kó tó fẹ̀yìn tì wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, kò sì lè jókòó lásán. Ó ti rí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége, ó ń gbin àgbàdo àti ilá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ rẹ̀ ti dá, gbogbo èyí tó ń rí lọ́jà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gba pépà náà, ó fi awò sójú, ó kà á jẹ́ẹ́. Ó wá yọ awò náà. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá, ọkọ́ ni wọ́n fẹ́ pín. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ pé ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ó padà sókè lọ wọ bàtà.

Oyèníkẹ́ ti ilé ìwẹ̀ jáde, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ múra, wọ́n ń pín ọkọ ní Ọ̀gbà. Oyèníkẹ́ gba pépà, ó wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ méjèèjì, ó wo Bàbá Rótìmí tó ti ń bọ̀ pẹ̀lú bàtà àti fìlà. Ẹ̀rín ń bọ̀, ó gbé e mì. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní òun kò lọ, ẹnu ìyá òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọdún Iléyá. Àwọn ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ rí àgbàlagbà mú wọn lọ. Ó wọ bùbá tuntun kan tó rán fún ara rẹ̀, ó sì kun àtíkè. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Orúnkún kò jẹ́ kó lè bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò máa gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó kìlọ̀ fún un kó má mú èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n bá nà sí i, kó kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wà á ń jẹ́ Muhydeen, ẹlẹ́nu rírọ̀ ni, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ń lọ nínú ọ̀ṣọ́ tó tó báyìí. Kí Oyèníkẹ́ tó lanu, Kaothar ti sọ ọ́ fún un pé wọ́n fẹ́ lọ gba ọkọ. Muhydeen wo dígí, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀gbà, kò padà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó tì í pa, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Bí wọ́n ṣe yà sí títì ilé iṣẹ́ náà ni Praise dúró lójijì. Ẹnu géètì kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọdé pọ̀ bí eṣú, olúkúlùkù gbé yíyí kọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé nìkan. Àwọn obìnrin kan wà ní apá kan tí wọ́n múra bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò, kò sì sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó wá gba ọkọ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ọ̀rẹ́ àwọn ni àwọn sìn wá. Nígbà tí Oyèníkẹ́ béèrè ọ̀rẹ́ ọ̀hún, wọ́n ń nàka síra wọn. Lápá kejì, àwọn ọkùnrin kan ti tò lórí ìlà, irun wọn ń dán, wọ́n ti ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ń pín ọkọ, bí wọ́n bá sì máa pín in, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ọkọ tí wọ́n máa pín. Àwọn wá fi ara àwọn sílẹ̀ ni. Muhydeen lọ tò sẹ́yìn wọn. Lẹ́bàá géètì gan-an, bàbá onílé kan láti Ìjàyè dúró pẹ̀lú fáìlì ìwé ilẹ̀ lábẹ́ apá. Ní tirẹ̀, oko ni ó kà, ó sì fẹ́ mọ ìlú tí oko náà wà kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gbọ́ sí i.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò mọ ohun tí yóò ṣe. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ọmọdé díẹ̀ ń bọ̀. Obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n lè pààrọ̀ èyí tí èèyàn ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó sá wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ẹni tó jáde ni Ọláwọlé, ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí ìpolówó ọjà ilé iṣẹ́ náà. Òun ló gbé èrò yíyí kalẹ̀, òun ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún rédíò. Tinúọlá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ rédíò tó gbé kọ́ èjìká. Ọláwọlé wo èrò tó wà níta, ojú rẹ̀ sì wà bíi ti ẹni tó se ìkòkò kan tó wá bá gbogbo àdúgbò lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ọkọ̀ yóò kárí. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn náà ti gbó, ohùn gbogbo ló ń jáde bákan náà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ránmú bíi ti ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Ohun tí èrò gbọ́ ni pé ọkọ yóò kárí. Àwọn obìnrin hó yèè. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí ìlà tún kọ́là ṣe. Bàbá Rótìmí bọ́ síwájú ní tirẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn jù, nítorí ẹ̀yìn ń ro òun. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí rẹ̀ yíjú wò ó.

Ọláwọlé rí i pé ẹnu òun kò gbà á mọ́. Ó fa páálí kan ya, ó sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè fún gbogbo èèyàn láti rí. Ọkọ̀ ìṣeré ni, ọkọ̀ ike kékeré pupa, tí wọ́n kọ Rúnrún sí lára.

Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ́. Àwọn ọmọdé ti síwájú, wọ́n ń na ọwọ́. Àwọn àgbà ń ti àwọn ọmọdé, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èyí nìkan ló wà. Onílé Ìjàyè ń béèrè ibi tí wọ́n kó ìwé ilẹ̀ sí. Àwọn ọkùnrin orí ìlà kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò lórí ìlà tí àwọn ti dúró sí láti àárọ̀. Wọ́n gbún Praise nígunpá, yíyí rẹ̀ sì já bọ́. Kaothar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, kò sì rí ọ̀nà dìde mọ́ láàárín ẹsẹ̀ èèyàn.

Ibẹ̀ ni Oyèníkẹ́ ti bínú. Ó ki ọwọ́ sáàárín èrò, ó fa àwọn ọmọ méjèèjì yọ, ó sì gun orí àwọn pákó tí wọ́n fi ń gbé páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó na ọwọ́ sí Ọláwọlé kó gbé gbohùngbohùn náà wá. Ọláwọlé gbé e fún un kíá. Oyèníkẹ́ wò ó, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ohùn tí Ọlọ́run fún un pariwo. Ó ti bá àwọn mánẹ́jà òtẹ́ẹ̀lì tó ń sá fún un nítorí gbèsè sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé àjà kẹta rí. Èyí kò le.

Ó ní kí gbogbo èèyàn wo ọwọ́ òun. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú gbọọrọ, ó ní, "Ọkọ." Ó rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀." Ó gbé e sókè, ó ní, "Ọkọ́." Ó wá ká ètè bíi ti ẹni tó fẹ́ sú fèrè, ó ní, "Oko." Ó ní kí wọ́n pè é tẹ̀ lé òun. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bí eré. Nígbà tó di ìgbà kejì, gbogbo ọwọ́ tó wà ní títì náà ló ń lọ sókè sódò, àgbà àti ọmọdé, àwọn òṣìṣẹ́ ti yọ jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí, àwọn náà ń ká ètè. Onímọ́tò kan tó fẹ́ kọjá pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yọ ọwọ́ tirẹ̀ lójú fèrèsé.

Oyèníkẹ́ wá pín wọn. Ẹni tó bá wá gba ọkọ̀ kó bọ́ sápá géètì, àwọn tó kéré níwájú. Ẹni tó wá gba oko kó lọ sábẹ́ igi. Ẹni tó wá gba ọkọ́ kó dúró ti òun. Ó wo àwọn obìnrin tó múra, ó wo àwọn ọkùnrin orí ìlà. Ó ní àwọn yìí kò nílò ilé iṣẹ́ kankan, kí wọ́n kàn yíjú síra wọn.

Wọ́n yíjú síra wọn. Ìtìjú mú wọn, ẹ̀rín sì mú wọn. Obìnrin kan ní kí ọkùnrin tó wà níwájú la ẹnu kí òun wo eyín rẹ̀, ó sì là á. Muhydeen kò fẹ́ kí wọ́n gbójú fo òun. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, ó mì ín, ó fi ohùn rara sọ pé, "Èmi ni ọkọ, èmi náà ni ọkọ̀." Ó sì fi ọwọ́ ṣe méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì jókòó sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni rédíò ń gbé lọ, nítorí Tinúọlá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ látìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ pákó dé ọ̀dọ̀ Oyèníkẹ́, ó béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bi í pé èwo ló wá gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn èèyàn dákẹ́ láti gbọ́. Oyèníkẹ́ mọ̀ pé ní Ìfàkọ̀, obìnrin kan wà tó ti fi etí lé rédíò pẹ́kípẹ́kí báyìí. Ó ronú díẹ̀.

Ó ní, "Àwọn ọmọ ni mo mú wá. Ìyá mi ló ní kí n wá gba ọkọ, mo sì kí wọn níbi tí wọ́n bá ti ń gbọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì mi, bí mo bá fẹ́ lọ́kọ, mà á wá sọ fún yín fúnra mi, mi ò ní jẹ́ kí rédíò sọ ọ́. Kó tó dìgbà náà, ó wù mí kí ẹ máa bi mí bóyá mo sùn dáadáa."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wá sin ọ̀rẹ́ wọn pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún ohun gbogbo mìíràn lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì fi etí gèlè nu ojú.

Wọ́n pín ọkọ̀. Kò kárí, nítorí náà àwọn tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn gba ẹyọ kan, Kaothar àti Praise sì gba ọ̀kan pọ̀. Àwọn tí kò rí ọkọ̀ gbà rí bisikíìtì gbà títí àpò wọn fi ya. Onílé Ìjàyè gba bisikíìtì, ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ tán bóyá ilẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó sì lọ. Bàbá Rótìmí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó ní rédíò ti sọ̀rọ̀, òun ti wá, òun kò sì ní padà lọ́wọ́ òfìfo. Ọláwọlé bẹ̀ ẹ́. Ó fún un ní páálí bisikíìtì odindi, bàbá náà ní eyín òun kò gba nǹkan líle. Níkẹyìn Ọláwọlé lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́, ó bá ẹni tó ń tọ́jú òdòdó wọn sọ̀rọ̀, ó sì gbé ọkọ́ kan dé tí ilẹ̀ ti họ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Bàbá Rótìmí gbé e, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó fi kọ ebè kan sínú òdòdó ilé iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró. Ó ní ó dára. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì ń kọrin ìlú rẹ̀ lọ sínú kẹ̀kẹ́.

Muhydeen ló gbé wọn padà. Nígbà tí Oyèníkẹ́ ń wọ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó dá a lóhùn ohun tí kò tíì béèrè. Ó ní ọkọ̀ nìkan ni òun wọ̀ o. Muhydeen ní òun gbọ́, ó sì fi ọwọ́ ṣe é sísàlẹ̀. Títí wọ́n fi dé Ìfàkọ̀, àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, ẹnìkan á tún gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín á tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilé, Oyèníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ́nu géètì ti ń wúwo. Ó ń rò ó bóyá òun ti dójú ti ìyá òun níwájú gbogbo Èkó. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n fi í sí, rédíò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti pa á. Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó, ó wo àwọn ọmọ tó dúró tì wọ́n, etí wọn nà bíi ti ehoro. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ náà kò gbọ́ rí láyé wọn.

"Migi ògò nígí bégé ègè règè mọ́gọ́."

Oyèníkẹ́ gbé orí sókè. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi orí lé itan ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó sì wá béèrè, ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn mọ̀, bóyá ó sùn dáadáa lánàá.

Kaothar fa Praise lọ sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n yọ yíyí, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, kò so èso. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò ní nọ́ńbà. Wọ́n bi Bàbá Rótìmí, ó ní ẹnà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, pé àwọn náà ń fi í sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, òun kò sì gbọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ìyá Àgbà. Ó padà sídìí ọkọ́ rẹ̀. Kaothar ń pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ lẹ́nu, léraléra, bí ìgbà tí èèyàn ń lá ṣúgà. Migi. Ògò. Nígí. Ó wá rí i pé lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, G kan ń bọ̀, ó sì ń mú fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yọ gbogbo G náà dànù pẹ̀lú fáwẹ̀lì tí wọ́n mú dání. Ohun tó ṣẹ́ kù ni, "Mi ò ní béèrè mọ́."

Ó sọ ọ́ fún Praise létí. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní jẹ́ kí Ìyá Àgbà mọ̀ pé àwọn gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ni, kì í ṣe tiwọn. Wọ́n sì búra lórí ọkọ̀ pupa náà.

Ìbúra náà kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi gbogbo, lórí àtẹ̀gùn, lójú ọ̀nà ilé-ìwé, yíyí sì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ń bu ọbẹ̀, ó bu fún Oyèníkẹ́, ó bu fún Praise tó wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, ó sì bu omi ọbẹ̀ nìkan sórí oúnjẹ Kaothar. Ọkàn ọmọ náà wà lórí oúnjẹ, kò wà lórí ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹgẹ fúngún migi lẹ́gẹ́ rangan."

Praise fi ọwọ́ bo ojú. Oyèníkẹ́ gbé òkèlè dúró lágbede méjì. Ìyá Àgbà di ṣíbí ọbẹ̀ mú, ó wo Kaothar lọ, ó wò ó bọ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó mi èjìká rẹ̀, ó mi ìkòkò, títí ó fi ní láti gbé ṣíbí sílẹ̀ kó má dà á sára. Ó ní kí wọ́n wo ọmọ tó jí ẹnà òun gbọ́. Ó bu ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, ó sọ ọ́ sínú àwo Kaothar, ó sì sọ fún un ní ẹnà pé kó jẹ ẹ́ kíá kí Oyèníkẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.